Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó gbé gìtá: báwo ni màá ṣe dá a kọ́ tí kò ní sú mi?

Ọwọ́_Líle kọ:

Ẹ ǹlẹ́ o, gbogbo ilé. Ọmọ ọdún 43 ni mí. Láti kékeré ló ti ń wù mí kí n máa ta gìtá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òun ọmọ títọ́ ò jẹ́ kí n ráyè. Nígbà tó yá, mo ra gìtá onígi kan, olókùn irin mẹ́fà, mo ní màá máa wo fídíò orí YouTube, màá fi kọ́ ara mi.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Kò pẹ́ tí mo fi mọ kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tó jọ ń dún pọ̀) G, C, D àti Em, mo wá ń yangàn kiri inú ilé. Àmọ́ láti ìgbà náà, ojú kan ni mo wà. Tí mo bá fẹ́ kúrò lórí G bọ́ sórí C, orin á ti kọjá kí ìka mi tó balẹ̀. Kọ́ọ̀dù F ni kí ẹ má bi mí. Wọ́n ní kí n fi ìka kan ṣoṣo tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, méjì ló ń dún, ìyókù á máa ṣe "kọ̀, kọ̀". Orí ìka á máa ta mí di ọjọ́ kejì. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ọmọ mi obìnrin, ọ̀dọ́langba, gbé e lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti ń yí kọ́ọ̀dù bí ẹni ń ṣí ojú ìwé.

Gìtá ọ̀hún ti wà nínú àpò rẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọjọ́ orí ni? Ṣé kí n wá olùkọ́ ni? Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ló mú yín dúró tì í?

Wáyà_Mẹ́fà kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí sílẹ̀ ná. Gìtá yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ ka àwọn irin wẹ́wẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá dé ìkejìlá. Fírẹ́ẹ̀tì là ń pè wọ́n. Ẹ fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín orí fírẹ́ẹ̀tì kejìlá yẹn àti ìsàlẹ̀ okùn tó nípọn jù. Lórí gìtá olókùn irin, tó bá wà ní nǹkan bíi mìlímítà 2.5, ó dáa. Ti okùn tó tín-ín-rín jù lè tó 2. Tó bá ti di 3.5 sókè, ìyà lẹ̀ ń jẹ lásán, ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀pọ̀ gìtá ló ń tilé iṣẹ́ jáde láìsí ẹni tó tún un ṣe kó tó dọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Èkejì: ẹ tẹ okùn kan mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kẹta, kí ẹ wá wo orí fírẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Àlàfo tó kù níbẹ̀ yẹ kó kéré gan-an, kí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, egungun kékeré tí okùn ń gbà kọjá lápá orí gìtá ló ga jù. Ìdí tí F fi ń pa yín lẹ́kún nìyẹn, nítorí ẹ̀gbẹ́ egungun náà gan-an lẹ ti ń tẹ F. Ẹni tó mọ gìtá tún ṣe á fi fáìlì rẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ má dán an wò fúnra yín o. Tó bá jinlẹ̀ jù, okùn á máa ha mọ́ irin, àfi kí wọ́n pààrọ̀ egungun náà.

Olùkọ́_Gìtá kọ:

Kíkọ́ àwọn àgbà ní gìtá ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun, torí náà ẹ gbà mí láyè kí ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ohun tí Wáyà_Mẹ́fà sọ nípa gíga okùn, òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àgbà ju ìyẹn lọ ni agbára àpọ̀jù. Ẹ dán èyí wò: ẹ gbé ìka kan lé okùn láìtẹ̀ ẹ́ rárá, kí ọwọ́ kejì máa ta okùn náà, á máa dún "pú, pú". Ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ohùn rẹ̀ á fi mọ́. Ibi tó ti mọ́ yẹn ni kí ẹ dúró. Ẹnu á yà yín pé agbára tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ìka yẹn náà, kì í ṣe agbedeméjì fírẹ́ẹ̀tì méjì la ń gbé e sí. Ẹ̀yìn irin gan-an ni, kó kù díẹ̀ kó kàn án.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí G sí C. Ó dá mi lójú pé ìfábẹ̀lá, ìka àárín àti ìka òrùka lẹ fi ń tẹ G, bí ọ̀pọ̀ fídíò ṣe ń kọ́ni. Ẹ yí i padà. Kí ìka òrùka wà lórí okùn kẹfà (èyí tó nípọn jù; èyí tó tín-ín-rín jù ni okùn kìn-ín-ní) ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta, ìka àárín lórí okùn karùn-ún ní fírẹ́ẹ̀tì kejì, ọmọńdinrín lórí okùn kìn-ín-ní ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta. Ẹ wá wo C: ìka òrùka wà lórí okùn karùn-ún ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta, ìka àárín lórí okùn kẹrin ní fírẹ́ẹ̀tì kejì. Ṣé ẹ rí i? Ìka méjèèjì ò ya ara wọn, okùn kan péré ni wọ́n jọ sún sísàlẹ̀. Ọmọńdinrín á gbéra, ìfábẹ̀lá á balẹ̀ sórí okùn kejì ní fírẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ó parí. Ọmọńdinrín á kọ́kọ́ ṣagídí, torí kò sí iṣẹ́ tí à ń fi rán an tẹ́lẹ̀. Ẹ máa rán an.

F ńkọ́? Ẹ má tíì bá F ńlá jà. Láti orí C, ẹ fi ìfábẹ̀lá sílẹ̀ síbi tó wà, kí ìka àárín àti ìka òrùka tún jọ sún okùn kan sísàlẹ̀, kí òrùka bọ́ sórí okùn kẹrin, kí àárín bọ́ sórí okùn kẹta. Okùn mẹ́rin ìsàlẹ̀ nìkan ni kí ẹ ta. Fmaj7 nìyẹn, ó sì máa ń ṣe iṣẹ́ F nínú ọ̀pọ̀ orin. F ńlá á wá fúnra rẹ̀ tó bá yá.

Ní ti olùkọ́: bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wá ẹnì kan, ì báà jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó wà nínú fídíò ò lè rí ọwọ́ yín.

Ọmọ_Àdákọ́ kọ:

Olùkọ́, ẹ má bínú, kò sí ọlọ́jà tó máa ní ọjà òun ò dáa 😄

Èmi ò ní olùkọ́ rí. Dùùrù ni mò ń tẹ̀, mo sì ń bá ẹgbẹ́ olórin jáde lópin ọ̀sẹ̀. Wes Montgomery, ọ̀kan lára àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ onígìtá jáàsì ní Amẹ́ríkà, ó tó nǹkan bí ọmọ ogún ọdún kó tó gbé gìtá olókùn mẹ́fà. Kò mọ orin kà lórí ìwé. Àtàǹpàkò ló fi ń ta okùn níbi tí gbogbo ayé ti ń lo píkì, ike pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi ń ta okùn, ohùn tí gbogbo èèyàn sì fi dá a mọ̀ nìyẹn. Ká ní ó ní olùkọ́ ni, wọn ì bá ti gba àtàǹpàkò yẹn lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ ta á bó ṣe wù yín, ẹ̀gbọ́n.

Etí_Ní_Ń_Kọ́ni kọ:

Ìtàn Wes yẹn ò pé. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ti ń ta gìtá olókùn mẹ́rin láti ọmọdé, ọwọ́ òfìfo kọ́ ló gbé dédìí olókùn mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀kejì, rẹ́kọ́ọ̀dù Charlie Christian, onígìtá jáàsì tó ṣáájú rẹ̀, ló jókòó tì, ó ń kọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn ta lẹ́yọ lẹ́yọ títí gbogbo rẹ̀ fi wà lórí rẹ̀. Olùkọ́ ni ìyẹn náà, kò kàn lè bá a wí ni.

Ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí Ọwọ́_Líle wò. Ẹ pa fídíò tì fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ sol-fa lórí. Bí ẹ bá fi G ṣe dò, C ni fà, D sì ni sò. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta yẹn nìkan gbé àìmọye orin ró. Ẹ mú orin kan tí ẹ mọ̀ dénú, ẹ fi ẹnu kọ ọ́, kí ẹ máa ta G lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí ìlù ti balẹ̀. Ibì kan á dé tí G á ta ko ohùn yín. Ẹ dán C wò níbẹ̀. Bí C ò bá jẹ́ ẹ, D ni. Ọjọ́ tí ẹ bá fi etí ara yín rí i, ẹnikẹ́ni ò ní bẹ̀ yín kí ẹ tó gbé gìtá mọ́.

Bí orin náà bá rẹlẹ̀ jù fún ohùn yín, ẹ fi kápò, ohun tó ń di gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá, sí fírẹ́ẹ̀tì kejì. Bí ẹ ṣe ń tẹ G náà ni kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, A ló máa dún.

Ìyá_Méjì kọ:

Ẹ ti ń bá a bọ̀ láti òkè, ẹ̀ ń sọ ìka, ẹ̀ ń sọ okùn. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ńkọ́? Ẹni tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tó ti rẹ̀, kí ló fẹ́ mú un gbé gìtá?

Àkọ́kọ́, ẹ yọ ọ́ nínú àpò yẹn. Sípù àpò nìkan tó ohun tó lè dá èèyàn padà lórí àga. Tèmi wà lórí ìdúró rẹ̀, ọwọ́ mi ń tó o láti ibi tí mo máa ń jókòó sí. Bí mo bá ń retí kí omi hó, mo ti gbé e.

Èkejì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ lérè ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé lọ. Èyí kì í ṣe àbá lásán. Ohun tí ọwọ́ kọ́ lónìí, ojú oorun ló ti ń jinlẹ̀ sínú ọpọlọ, torí náà ẹni tó fi ọjọ́ méje kọ́ ọ ti fi oorun méje rì í mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ti ẹni tó ń kọ́ ọ ní Sátidé nìkan.

Ẹ̀kẹta: ẹ má sọ pé "màá dánra wò lónìí". Ẹ dárúkọ ohun kan pàtó. D sí G, kó mọ́, lórí metronome (ẹ̀rọ tó ń lu ìlù déédéé fúnni) tó wà ní 60, ìyẹn ìlù 60 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá ti mọ́, mo máa ń gbé gìtá sílẹ̀ kódà tó bá ṣì ń wù mí. Ìfẹ́ tó ṣẹ́ kù yẹn ló ń gbé mi padà lọ́jọ́ kejì.

Ọmọ yín yẹn, ẹ má fi ara yín wé e. Ẹni tí kò sí ohun tó fẹ́ fi hàn ẹnikẹ́ni ni, ìka rẹ̀ ò ní le.

Àgbà_Fọnfèrè kọ:

Àbúrò mi, mo ti fẹ̀yìn tì kí n tó gbé saxophone. Torí náà, ẹni ọdún 43, ọmọdé lo jẹ́ lójú mi.

Mo fara mọ́ ìyá àwọn ọmọ tó sọ̀rọ̀ lókè, àyàfi ti "lójoojúmọ́" yẹn. Áàpù orí fóònù kan wà tó máa ń ka ọjọ́ fúnni: o ti ṣe é fún ọjọ́ báyìí láìfò. Ọjọ́ tí ara ò bá yá, tí iye yẹn bá já sí òdo, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa gbogbo rẹ̀ tì lọ́jọ́ náà ni. Mo ti rí i lára àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀. Èmi kì í ka ọjọ́. Bí mo bá sinmi ọ̀sẹ̀ kan, mo sinmi ni, kò sẹ́ni tí mo jẹ ní gbèsè.

Ohun tó ń mú mi dúró ni pé ẹnì kan ń retí mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ń lu ìlù, kò mọ̀ ọ́n lù ju bí mo ṣe mọ saxophone fọn lọ. A jọ ń pàdé, a ní orin kan tá à ń bá jìjàkadì. Wá ẹnì kan tí ipò yín dọ́gba. Ọ̀gá ò dáa fún èyí, ojú á máa tì ọ́.

Lẹ́yìn náà, fi fóònù gba ohùn ara rẹ sílẹ̀, má sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Jẹ́ kó pẹ́ dáadáa kí o tó padà gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí o ń ta á, àṣìṣe nìkan ni etí rẹ ń mú.

Igi_Olóhùn kọ:

Gìtá ni mò ń tún ṣe. Ìyá_Méjì, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un. Ẹ gbé e síta, kò burú, kó má ṣáà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé tàbí níwájú ẹ̀rọ amúlétutù. Igi ni. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tó bá a lára mu ò ju ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù, igi á sún kì, iwájú gìtá lè là, etí fírẹ́ẹ̀tì á yọ síta, á máa ha yín lọ́wọ́. Bó bá rin jù, iwájú á wú, okùn á ga, a ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ tí Wáyà_Mẹ́fà fi bẹ̀rẹ̀. Inú ọkọ̀ tó wà lóòrùn, láéláé. Gọ́ọ̀mù tó so ó pọ̀ máa ń rọ̀.

Sáré_Tete kọ:

Ẹ tà á, kí ẹ ra ukulele. Okùn mẹ́rin, kì í ṣe irin, kò ta ìka. Ó tán.

Wáyà_Mẹ́fà kọ:

Ẹni tó ń wá gìtá, ẹ ní kó gbé ukulele. Ẹ kú ìrànlọ́wọ́. Tó bá jẹ́ okùn tó rọ̀ lẹ fẹ́, gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù wà. Àmọ́ ẹni tó bá ra ìyẹn kó má fi okùn irin sí i láé, okùn irin ń fa igi gan-an, á ba iwájú rẹ̀ jẹ́.

Ọmọ_Àdákọ́ kọ:

Metronome ní 60! Bí ẹ ṣe ń lé àgbà sá nìyẹn. Ẹ bá orin gidi ta.

Olùkọ́_Gìtá kọ:

Orin gidi ò dúró dè é, ohun tó gbé wá síbí gan-an nìyẹn. Ẹ lọ sí ìṣètò fídíò lórí YouTube, ẹ dín ìyára rẹ̀ kù sí 0.75 tàbí 0.5. Ohùn orin ò ní wálẹ̀, á kàn máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ ni. Ẹ fi orin náà ṣe metronome. Ìjà parí.

Nọ́ọ̀sì_Olórin kọ:

Kí ẹ tó máa bá a lọ: orí ìka tó ń ta wọ́pọ̀, á dín kù bí awọ ibẹ̀ bá ti ń yi láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ má ta gìtá kété tí ẹ bá fọ abọ́ tán, awọ tí omi ti rọ̀ máa ń bó. Ṣùgbọ́n bí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn, tàbí tí ìka ń kú, tí ó ń ṣe yín jìnnìjìnnì, ẹ gbé e sílẹ̀ kíá. Ẹni tó bá ní ká fara dà á, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ wo ìjókòó yín, kí orí gìtá gbé sókè díẹ̀, kí ọrùn ọwọ́ má ká kò. Bí kò bá lọ lẹ́yìn ìsinmi, dókítà ló kàn.

Ọwọ́_Líle kọ:

Ẹ ṣé o. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: mìlímítà 4 gbáko lápá okùn tó nípọn! Mo ti gbé e lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe. Ó ní ọrùn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, pé irin kan wà nínú ọrùn náà tí òun máa yí, òun á sì rẹ́ egungun tòkè tìsàlẹ̀. Mo yá gìtá ọ̀rẹ́ mi, mo ti ń dán G ọlọ́mọńdinrín yẹn wò. Ó ń gbọ̀n, àmọ́ mo rí ohun tí Olùkọ́ ń sọ, ìka méjì yẹn ń sún pọ̀ lóòótọ́. Ti "gba ohùn sílẹ̀ má gbọ́ ọ" yẹn le, mo ti gbọ́ ọ.

Ẹni tó ń tún un ṣe bi mí pé irú okùn wo ni mo fẹ́, pé 13 ló wà lórí rẹ̀. Kí ni kí n sọ?

Wáyà_Mẹ́fà kọ:

10. Nọ́ńbà yẹn ni bí okùn tó tín-ín-rín jù ṣe nípọn tó, 10 jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì kan. 13 kì í ṣe fún ẹni tó ń kọ́. Tony Iommi, onígìtá Black Sabbath, ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ gé orí ìka rẹ̀ méjì. Okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lára ohun tó jẹ́ kó tún lè máa ta á. Kò sí ìtìjú nínú okùn fẹ́lẹ́.

Igi_Olóhùn kọ:

Gìtá oníná ni Iommi ń ta, ẹ̀rọ ló ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Lórí gìtá onígi, 10 máa ń jẹ́ kí ohùn tín-ín-rín. 11 ni kí ẹ mú.

Àmọ́ ẹ pe ọkùnrin yẹn lónìí, kó tó parí iṣẹ́. Okùn 11 kì í fa ọrùn gìtá tó 13. Tó bá fi 13 tún ọrùn náà ṣe tán kí ẹ tó wá pààrọ̀ okùn nílé, ọrùn á yí padà, okùn lè wálẹ̀ jù kó máa ha. Okùn tí ẹ máa lò ni kó fi sí i kó tó wọ̀n ọ́n.

Olùkọ́_Gìtá kọ:

11, mo fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá gbà á padà, ohùn rẹ̀ á máa wálẹ̀ ṣáá lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Kò bàjẹ́, okùn tuntun ń nà ni. Ẹ fi ọwọ́ fa okùn kọ̀ọ̀kan sókè jẹ́jẹ́, ẹ tún un túùnì, ẹ tún fà á, títí á fi dúró. Kí túnà, ẹ̀rọ tó ń sọ bóyá ohùn okùn pé, wà nítòsí, kí ẹ má baà rò pé G yín ni kò dáa.